Ta ló ti gun zipline nínú igbó kìjikìji rí? Àwa mẹ́sàn-án fẹ́ gbéra láti Abuja

Ìyá Tómi, Gwarinpa

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Àwa mẹ́sàn-án la jọ ń dá àjọ láti ọdún tó kọjá, owó náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tí a fẹ́ kó dé. Dípò kí kálukú kó tirẹ̀ lọ ra aṣọ, a fẹnu kò pé ìrìn àjò la máa fi ṣe. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ló rí fídíò kan lórí fóònù, níbi tí àwọn èèyàn ti ń gun zipline, tí wọ́n ń yọ̀ lórí wáyà láti orí igi kan bọ́ sórí èkejì, tí ewé sì tẹ́ sísàlẹ̀ wọn bí ẹní. Láti ọjọ́ náà, kò jẹ́ ká sinmi mọ́. Nígbà tí èmi náà wò ó, ọkàn mi fà sí i. Ìkẹ́rẹ́ Èkìtì ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, igbó kò ṣàjèjì sí mi, ṣùgbọ́n láti ìsàlẹ̀ ni mo ti ń wo igi láti kékeré. Mi ò tíì wo igi láti òkè rí.

Ibo la lè lọ? Oṣù wo ló dára? Kí ló yẹ ká bi àwọn tó ni ibẹ̀ kí a tó sanwó? Àgbà méje ni wá, ọmọ méjì. Ẹnì kan nínú wa ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Àbúrò ọkọ mi sì ń bẹ̀rù òkè débi pé kì í dúró létí bákónì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ kó sọ fún mi.

Ọmọ Akọ̀pẹ, Lugbe

Ẹ kú ìmúrasílẹ̀, mà. Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mò ń gùn jẹun, ọdún kọkànlá nìyí tí mo ti ń so ara mi mọ́ irin lókè. Mi ò tíì gun zipline fún fàájì, ṣùgbọ́n okùn, ìkọ́ irin àti bẹ́líìtì tí wọ́n ń lò níbẹ̀, ọmọ ìyá kan náà ni pẹ̀lú tiwa, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo mọ̀.

Akọ̀pẹ ni bàbá mi àgbà. Kí wọ́n tó fi ẹsẹ̀ kan igi, wọ́n á tú igbà sílẹ̀, wọ́n á fi ọwọ́ pa á láti orí dé ìdí, wọ́n á máa wá ibi tó ti ń já ní fọ́nrán-fọ́nrán. Lẹ́yìn náà, wọ́n á so ó mọ́ ìdí ọ̀pẹ, wọ́n á fi gbogbo ara fà sẹ́yìn, ẹsẹ̀ wọn ṣì wà nílẹ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é. Pé igbà náà gbé wọn lánàá kò ní kí wọ́n má yẹ̀ ẹ́ wò lónìí. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ máa bi ẹni tó ni zipline nìyẹn: ta ló yẹ wáyà wò láàárọ̀ yìí, ibo ló sì kọ ọ́ sí? Níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe é bó ṣe yẹ, ìwé kan wà tí wọ́n ń kọ ọjọ́ sí, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò àti ohun tó rí. Ẹni tí kò bá lè ṣí ìwé náà hàn yín, ẹ má fún un lówó, bó ti wù kí fọ́tò rẹ̀ dára tó.

Bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Wáyà irin ni wọ́n fà láti pèpéle kan tó ga sí èkejì tó rẹlẹ̀ díẹ̀. Kẹ̀kẹ́ kékeré kan ń yí lórí wáyà náà, bẹ́líìtì tó di ìbàdí àti itan yín sì so mọ́ kẹ̀kẹ́. Kò sí ẹ́ńjìnnì kankan, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wáyà àti ìwọ̀n ara yín ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Wáyà máa ń tẹ̀ ní àárín, nítorí náà ẹni tó bá fúyẹ́ jù lè dúró sójú ọ̀nà kó tó dé, ẹni tó bá sì wúwo jù á sáré dé òdìkejì ju bó ṣe yẹ lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé èèyàn sórí ìwọ̀n. Ọ̀pọ̀ ibi kì í gba ẹni tó bá ti kọjá nǹkan bíi kílò 120, wọ́n sì ní iye tí ọmọdé gbọ́dọ̀ wọ̀n kó tó lè dá gùn ún. Ẹ wọn ara yín nílé, kí ẹ fi iye tó jẹ́ òótọ́ ránṣẹ́ sí wọn. Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ojútì pa kílò mẹ́wàá mọ́.

Bíréèkì ńkọ́? Ní àwọn ibi kan, ìbọ̀wọ́ aláwọ ni wọ́n máa fún yín, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa fi ọwọ́ tẹ wáyà láti ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ (láti ẹ̀yìn o, kì í ṣe iwájú, nítorí kẹ̀kẹ́ lè gun ọwọ́). Ní ibòmíràn, bíréèkì wà lórí wáyà fúnra rẹ̀ ní òpin. Èyí tí mo fẹ́ràn ni ibi tí ó ti wà lórí wáyà, tí èkejì sì tún wà lẹ́yìn rẹ̀ bí àkọ́kọ́ bá kùnà. Ẹ bi wọ́n báyìí: "Bí ẹ̀rù bá bà mí tí mo gbàgbé ohun tí ẹ kọ́ mi, kí ló máa dá mi dúró?" Bí wọ́n bá dáhùn pé ẹ ò ní gbàgbé, ibi tó dára kọ́ nìyẹn.

Mo ṣì ń bọ̀, iṣẹ́ ń pè mí.

Arìnnà, Nyanya

Ìyá Tómi, ẹ má jìnnà. Ẹ lọ sí Cross River. Láti ibi yìí, Keffi, Akwanga, Lafia, Makurdi, ẹ kọjá odò Benue, Gboko, Vandeikya, ẹ ti dé Obudu nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti rìn ín. Ẹ gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ẹ sì rí i pé ilẹ̀ kò ṣú bá yín lójú ọ̀nà. Orí òkè Obudu ga tó mítà 1,600, kọ́nà 22 ló wà lójú ọ̀nà tó gùn ún, èébì gbé ìyàwó mi ní ìkẹsàn-án. Wọ́n tún ṣe cable car, ọkọ̀ kékeré tó ń rọ̀ mọ́ wáyà, ọ̀nà rẹ̀ gùn ní kìlómítà 4 láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ti Abuja, ẹ mú súwẹ́tà.

Igbó Becheve wà lórí òkè náà, afárá sì wà níbẹ̀ tí wọ́n so sórí igi. Tí ẹ bá tún ní ọjọ́ méjì sí i, ẹ lọ sí òkè Afi, ní ilẹ̀ àwọn Boki. Drill ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀, irú ọ̀bọ kan tó jẹ́ pé Nàìjíríà, Cameroon àti erékùṣù Bioko nìkan ló kù sí láyé. Mo dúró níwájú akọ wọn kan, àwọ̀ ìdí rẹ̀ pupa, ó ní búlúù, ó ní àwọ̀ elésè àlùkò, mo sì rò ó pé irú ẹ̀dá báyìí wà ní orílẹ̀-èdè mi, mo sì ti pé ogójì ọdún kí n tó gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Ẹ pè wọ́n lọ́sẹ̀ tí ẹ fẹ́ lọ, kí ẹ bi wọ́n pé èwo ló ṣí, èwo ló wà lábẹ́ àtúnṣe.

Ará Jalingo

Mo máa ń bínú díẹ̀ tí àwọn ará wa ní Abuja bá ń sọ̀rọ̀ bíi pé Gúúsù nìkan ni igbó wà. Taraba ni mo ń gbé, ọdún kẹjọ rèé. Gashaka-Gumti wà lọ́dọ̀ wa níbí, òun ló tóbi jù nínú gbogbo ọgbà ìtura orílẹ̀-èdè yìí, ó ju kìlómítà 6,000 níbùú lóròó lọ. Chappal Waddi tó ga jù ní Nàìjíríà, mítà 2,419, ibẹ̀ ló wà. Lórí òkè Mambilla, igbó Ngel Nyaki wà: igi ńláńlá, ìkùukùu, ìnàkí tó ń sùn sórí ẹ̀ka. Ìyá mi láti Ọ̀yọ́ wá kí mi, wọ́n wo ibẹ̀ títí, wọ́n ní, "Ṣé ilẹ̀ Hausa náà nìyí?" Mo ní ilẹ̀ Mambilla ni, mà.

Arìnnà, Nyanya

Ará Jalingo, ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n wáyà wà níbẹ̀?

Ará Jalingo

Kò sí wáyà. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn ín, atọ́nà á sì wà pẹ̀lú yín. Mo kàn fẹ́ kó wà ní àkọsílẹ̀.

Ìyá Tómi, Gwarinpa

Ẹ ṣé gan-an. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún àwọn yòókù nínú ẹgbẹ́ àjọ wa. Ọ̀rọ̀ igbà bàbá àgbà yẹn wọ̀ wá lára. Ọkọ mi ní kí n béèrè: ṣé afárá orí igi àti zipline, ohun kan náà ni?

Olùkọ́ Karu

Rárá o. Orí afárá, ẹsẹ̀ yín lẹ fi ń rìn, ẹ lè dúró, ẹ lè wòye. Orí zipline, ẹ ó sáré kọjá ni, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni wáyà kan.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, torí pé ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní girama. Ìsàlẹ̀ igbó kìjikìji ṣókùnkùn, oòrùn díẹ̀ ló ń dé ibẹ̀. Òkè, níbi tí ewé gbogbo igi ti pàdé bí òrùlé, ni oúnjẹ wà: ibẹ̀ ni igi ti ń tanná, tó ti ń so. Nítorí náà, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú ẹyẹ, kòkòrò àti ọ̀bọ ń gbé. Lórí òrùlé náà, àràbà àti àwọn igi gíga bíi tirẹ̀ á tún yọ orí síta. Fún ìgbà pípẹ́, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kò mọ ohun tó ń lọ lókè yẹn dáadáa. Ní àwọn ọdún 1970, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Donald Perry ń fi okùn gun igi ní Costa Rica láti lọ wo ohun tó ń gbé lórí rẹ̀. Okùn ìwádìí irú èyí ló ṣáájú. Àwọn ọdún 1990 ni ti ìgbafẹ́ gbilẹ̀ ní Monteverde, ní orílẹ̀-èdè kan náà, ó sì tàn ká ayé. Ó wù mí kí ọmọ yín mọ èyí: kí wọ́n tó fi wáyà ṣeré, wíwá ìmọ̀ ló gbé èèyàn gorí igi.

Fún ẹni tí ẹ̀rù òkè ń bà, mo rò pé Kakum ní Ghana ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Mo kó ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lọ síbẹ̀. Ọdún 1995 ni wọ́n ṣí afárá náà: méje ni, wọ́n so kọ́ra, gbogbo rẹ̀ gùn ní mítà 350, ibi tó ga jù ń lọ sí mítà 40. Pákó tóóró ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀, àwọ̀n sì wà lọ́tùn-ún lósì. Ó máa ń mì. Ọmọbìnrin kan nínú àwọn ọmọ mi sunkún lórí àkọ́kọ́. Nígbà tó fi dé ìkẹrin, òun ló ń kọrin. Ẹ dé ibẹ̀ ní kùtùkùtù, kí èrò ọ̀sán tó dé, ìgbà náà lẹ máa gbọ́ ohùn ẹyẹ. Ghana kò gba físà lọ́wọ́ wa, ìwé ìrìnnà tó ṣì wúlò nìkan ni, pẹ̀lú káàdì ibà pọ́njú. Láti Accra sí Cape Coast tó wákàtí mẹ́ta lórí ilẹ̀, Kakum sì wà ní nǹkan bíi kìlómítà 30 lókè Cape Coast.

Nọ́ọ̀sì Kubwa

Olùkọ́ ti dárúkọ káàdì, ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ lọ. Abẹ́rẹ́ náà gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ mẹ́wàá lára kí káàdì tó bẹ̀rẹ̀ sí í wúlò. Ẹni tó ti gbà á tẹ́lẹ̀ kò nílò òmíràn, láti 2016 ni wọ́n ti sọ ọ́ di ti gbogbo ọjọ́ ayé. Ẹ má ra káàdì lọ́wọ́ ẹni tí kò gún yín lábẹ́rẹ́. Ẹ̀mí yín ni abẹ́rẹ́ náà wà fún.

Ti ẹ̀jẹ̀ ríru: kí ẹni náà lọ rí dókítà rẹ̀, kó sọ fún un gan-an pé orí wáyà lòun ń lọ. Bí ẹ̀jẹ̀ náà bá wà ní ìtòsí ibi tó yẹ kó wà, tó sì ń lo oògùn déédéé, dókítà lè ní kò burú. Bí kò bá sí lábẹ́ ìdarí, kó dúró sísàlẹ̀. Aboyún kò gbọ́dọ̀ gùn ún rárá. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ tàbí ọrùn rẹ̀ ń dùn ún, kó fi sílẹ̀.

Mo tún fẹ́ béèrè, ẹ má bínú sí mi: ṣé ẹ mọ ẹ̀jẹ̀ gbogbo àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán? Bí ẹnì kan nínú yín bá jẹ́ SS, òtútù orí òkè bíi Obudu àti àìmu omi tó lè dá ìrora rẹ̀ sílẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé kó má lọ. Ó túmọ̀ sí aṣọ tó nípọn, omi púpọ̀, oògùn rẹ̀ nínú báàgì ọwọ́ rẹ̀, kì í ṣe nínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀, àti kí àwọn tí wọ́n jọ ń lọ mọ̀.

Ìyá Tómi, Gwarinpa

Ọlọ́run á san yín lóore. Ọmọ kejì tí mo sọ, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, SS ni. Mi ò kọ ọ́ síbẹ̀ nítorí mo rò pé ẹ máa ní kí a fi í sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Kubwa

A ò ní fi í sílẹ̀. Ẹ pè mí lórí àpótí ìfiránṣẹ́, a jọ máa to báàgì rẹ̀.

Ọmọ Akọ̀pẹ, Lugbe

Mo ti padà dé. Ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ ṣe yẹn dùn mọ́ mi.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ igi díẹ̀. Irin kì í dàgbà, igi ń dàgbà. Bí wọ́n bá fi wáyà yí igi ká láìfi pákó sí àárín, bó bá yá wáyà á máa jẹ èèpo, igi á sì máa kú díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i láti ilẹ̀. Nítorí náà, tí ẹ bá dé orí pèpéle, ẹ wo ibi tí wáyà ti gbá igi mú. Ẹ wò ó bóyá pákó wà lábẹ́ rẹ̀, bóyá èèpo ti wú bò ó, bóyá ìpẹta ń ṣàn sára igi. Ojú lásán tó láti rí i. Ẹ wo ìkọ́ irin pẹ̀lú: okùn méjì ló yẹ kó so yín mọ́ òkè, bí wọ́n bá sì ń gbé yín láti wáyà kan sí òmíràn, ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà lára wáyà kí wọ́n tó já èkejì. Bí atọ́nà bá já méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ké sí i.

Ẹ tún bi wọ́n pé bí ẹnì kan bá dúró sí àárín wáyà, ìṣẹ́jú mélòó ló ń gbà kí wọ́n tó lọ mú un. Èèyàn tó bá rọ̀ sínú bẹ́líìtì láìmira, ẹ̀jẹ̀ á dúró sí ẹsẹ̀, òòyì lè kọ́ ọ, ó sì lè dákú. Níbi iṣẹ́ tiwa, a kì í gun òpó láìsí ẹni tó mọ bí a ṣe ń gbé èèyàn sọ̀kalẹ̀ nítòsí. Kí ọmọ náà mọ̀ pé bó bá dúró sójú ọ̀nà, kó máa mi ẹsẹ̀, kó máa tì í bí ẹni ń gun kẹ̀kẹ́.

Òjò: bí wáyà bá tutù, bíréèkì ọwọ́ kì í mú dáadáa. Bí àrá bá ń sán, kí ẹnikẹ́ni má sí lórí irin tó wà lórí igi. Ibi tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á ní kí ẹ padà wá lọ́la, ẹ má bá wọn jà nítorí owó.

Àbúrò tó gbé Kampala rí, Wuse

Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin àgbà. Iṣẹ́ gbé mi lọ sí Uganda fún ọdún mẹ́ta. Bí ẹ bá ń wá zipline gan-an nínú igbó kìjikìji, ó wà nínú igbó Mabira, láàárín Kampala àti Jinja, níbi tí wọ́n ń pè ní Griffin Falls, nítòsí Lugazi. Àwọn ará àdúgbò náà ló ń ṣètò rẹ̀. Igbó náà tó kìlómítà 300 níbùú lóròó. Mo gùn ún. Wáyà àkọ́kọ́, mo di ojú. Èkejì, mo là á, mo sì rí ọ̀bọ mangabey méjì tó jókòó lórí ẹ̀ka bí ẹni pé àwa la wá ṣeré fún wọn.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìtàn igbó náà kí ẹ tó lọ. Ní 2007, ìjọba fẹ́ fún ilé iṣẹ́ ṣúgà kan ní apá kan lára rẹ̀ láti fi gbin ìrèké. Àwọn ará ìlú tú síta ní Kampala, ẹ̀mí sì ṣòfò. Igbó náà ṣì wà. Nígbà tí mo wà lókè yẹn tí mo ń wo ewé, ìyẹn ló wà lọ́kàn mi.

Oṣù Kejìlá sí Kejì ni ẹ̀rùn wọn, tàbí Kẹfà sí Kẹjọ. Ẹ yẹra fún Kẹta sí Karùn-ún. Ẹ máa gba físà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó gbéra, káàdì ibà pọ́njú sì pọn dandan. Láti Abuja, ẹ lè gba Addis Ababa dé Entebbe.

Arìnnà, Nyanya

Owó ọkọ̀ òfuurufú fún èèyàn mẹ́sàn-án dé Entebbe? Àjọ wo ló gbé e?

Ìyá Tómi, Gwarinpa

Ẹ̀gbọ́n Arìnnà, òótọ́ ni. A jókòó lé e lórí lálẹ́ àná. Ohun tí a fẹnu kò sí nìyí. Oṣù Kìíní, àwa mẹ́sẹ̀ẹ̀sán máa lọ sí Kakum. Owó tó wà nílẹ̀ á gbé ìyẹn, á sì ṣẹ́ kù. Àbúrò ọkọ mi ní òun máa gbìyànjú afárá kan, bí kò bá ṣeé ṣe òun á jókòó sísàlẹ̀ máa ṣọ́ báàgì, kò sì sí ẹni tó máa bú u. Lẹ́yìn náà, a ó tún dá àjọ ọdún kan, ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ṣì wà nínú rẹ̀ yóò lọ sí Mabira. Tómi kọ́kọ́ wú imú, ó ní afárá kọ́ lòun rí nínú fídíò. Mo ka ohun tí Olùkọ́ kọ nípa ọkùnrin tó ń fi okùn gun igi ní Costa Rica fún un. Ó dákẹ́, ó ní ṣé òun lè mú ìwé dání láti kọ orúkọ ẹyẹ.

Ìbéèrè mi tó kù: báwo ni a ṣe máa mọ̀ ṣáájú bóyá ara ọmọ ọdún mẹ́tàlá á gba bẹ́líìtì yẹn?

Ọmọ Akọ̀pẹ, Lugbe

Ẹ mú un wá sọ́dọ̀ mi ní Sátidé, mà, lẹ́yìn aago mẹ́rin. Mo ní òpó kékeré kan ní ẹ̀yìnkùlé tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Mítà méjì péré la máa gbé e kúrò nílẹ̀. Màá fi igbà bàbá mi àgbà hàn án, ó ṣì wà lọ́wọ́ mi, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á. Àbúrò ọkọ yín náà lè bá wọn wá. Kí wọ́n wọ ṣòkòtò àti bàtà tó bo ẹsẹ̀.